Ìdáhùn fún Ẹni Tó Ń Wá Yàrá

Fulvio, ọmọ tí n kò tíì fojú rí, lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́.
O ní o fẹ́ yàrá fún òru mẹ́ta ní ìparí oṣù kẹjọ,
kó súnmọ́ ìlù, kó sì jìnnà sí ariwo.
Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.
Ta ló fẹ́ jẹ ẹyin tí kò fẹ́ gbọ́ igbe adìẹ?

Má dé sí Lecce.
Ẹni tó bá dé sí Lecce, rélùwéè ìkẹyìn á lọ
kí ijó tó gbóná,
á wá jókòó sí ibùdókọ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́
bí ẹrù tí olówó rẹ̀ gbàgbé.
Má dé sí etíkun. Ibẹ̀ lẹ́wà lóòótọ́,
ṣùgbọ́n owó ibùsùn kan níbẹ̀
á ra epo tí mo máa jẹ títí di ọdún tó ń bọ̀.
Wá sí Kalinẹ́rà lọ́dọ̀ wa.

Yàrá mẹ́ta ni mo ní.
Èyí tó kọjú sí gbàgede, àwọn ará Milano ti gbà á
láti oṣù kìn-ín-ní; bàtà funfun ni wọ́n máa ń wọ̀ wá,
wọ́n á sì máa bi mí bóyá erùpẹ̀ pupa wa máa ń ṣí.
Kì í ṣí.
Àbúrò mi Pantaleo ló ń sùn nínú ìkejì
látìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ó ń hanrun. N kò lè lé e.
Ìkẹta wà lẹ́yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́:
fáànù rẹ̀ ń ké bí òròmọdìẹ,
omi balùwẹ̀ rẹ̀ a máa gbóná nígbà tó bá wù ú.
Ogójì yúrò lóru kan. Ẹ̀dínwó kò sí.

Lójú ọ̀nà, wàá rí àwọn igi ólífì tó gbẹ,
oko kan tẹ̀ lé òmíràn, àwọ̀ eérú.
Má ya fọ́tò wọn. Ẹni tó ń sin òkú kì í fẹ́ kámẹ́rà.

Jẹun kó o tó jáde; màá se ẹ̀wà gígún àti ẹ̀fọ́ kíkorò.
Bí wọ́n bá pagbo, má ṣe já wọ àárín.
Dúró. Ojú kan á pè ọ́.
Bí o bá rí ẹ̀jẹ̀ lára awọ ìlù, má bẹ̀rù:
àtàńpàkò ló bó, ṣaworo kò sì gbọdọ̀ dákẹ́.

Ohun kan ṣì kù. Ìgbà mẹ́ta ni mo ti pa á rẹ́.
Ìyá mi jó fún ọjọ́ mẹ́ta nílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá ẹ̀yìn yẹn.
Wọ́n ní aláǹtakùn ló bù ú jẹ nínú oko tábà.
Èmi ò rí aláǹtakùn kankan.
Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọdún yẹn ni bàbá mi
lọ wa èédú ní Bẹ́ljíọ̀mù, tí lẹ́tà rẹ̀ sì dáwọ́ dúró.
Ijó tí ẹ ń wọkọ̀ wá gbádùn, oògùn ni nígbà náà,
àgùntàn kan la sì fi san owó rẹ̀
fún onílù, ọkùnrin gíga kan tó yarọ díẹ̀,
tó lu ìlù láìjẹun títí ìyá mi fi sùn.
Òun náà bá tirẹ̀ lọ sí Bẹ́ljíọ̀mù lẹ́yìn-ò-rẹyìn.
Pispico ni wọ́n ń pè é.

Mo wo ìsàlẹ̀ lẹ́tà rẹ, níbi tí o fọwọ́ sí.
Mo wo òǹtẹ̀ Charleroi.
Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Pispico mìíràn. Wọ́n pọ̀.

Mú súẹ́tà kan wá, òtútù máa ń mú kí ilẹ̀ tó mọ́.
Bí n kò bá sí nílé, kọ́kọ́rọ́ wà lábẹ́ ìkòkò òdòdó.
Àgùntàn yẹn, a ò tíì san án tán.
Yọ́ rìn; Pantaleo á ti sùn.

Cesira